Iná Tí Ń Kú Nígbà Tí Mo Bá Kí I

                                        Ilé Alájà Kan,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìfìwéránṣẹ́ Àtijọ́,
                                        Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Kẹta.

Ìwọ Ayàwòrán, ọ̀rẹ́ tí mo fi ń yangàn láwùjọ,

Mo kí ọ kí n tó jókòó, mo sì tún kí ọ nígbà tí mo jókòó tán. Ṣé ara le? Ṣé orúnkún rẹ tí kì í fẹ́ ọ̀rinrin ti gbà kí o máa gun àtẹ̀gùn lọ sí yàrá iṣẹ́ rẹ? Ìyàwó rẹ ńkọ́, obìnrin iyì tí ẹ̀rín rẹ̀ máa ń ṣíwájú rẹ̀ wọlé? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá èyí tí ó ń bá ọkọ̀ ojú omi ṣiṣẹ́? Mo gbà á ládùúrà pé kí lẹ́tà yìí bá gbogbo yín lórí ìdúró, kí ó má bá ẹnikẹ́ni lórí ìdùbúlẹ̀. Bí o bá béèrè tèmi, ara ń ṣe bí ara àgbà: ó ń dùn níbí, ó ń dákẹ́ lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n èémí ń bẹ nínú rẹ̀.

Kí n tó bọ́ sínú ohun tí ó gbé mi dé ìdí tábìlì lónìí, jẹ́ kí n tún dúpẹ́ àwòrán aya mi tí o fi ránṣẹ́ lẹ́yìn ikú rẹ̀. Mo mọ̀ pé mo ti dúpẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n irú ọpẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í tètè kún. Àwọn ayàwòrán mìíràn a máa ya ojú ènìyàn. Ìwọ, èémí rẹ̀ ni o yà. Àpá kékeré àgbọ̀n rẹ̀ wà níbẹ̀, téèpù ìwọnṣọ tí kì í rántí láti bọ́ lọ́rùn kí ó tó jáde nílé wà níbẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì là díẹ̀, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kan ti dé orí ahọ́n rẹ̀ tí kò tíì jáde. Àwòrán náà gan-an ni ìtàn tí mo fẹ́ sọ. Mo bẹ̀ ọ́, bí o bá kà á dé òpin, má ṣe dá ara rẹ lẹ́bi. Ẹ̀bi kankan kò sí lọ́rùn rẹ.

Ọjọ́ tí àwòrán náà dé, káfíńtà tí ó ń gbé ojúkojú wa ní kí n jẹ́ kí òun bá mi gbé e kọ́. Mo kọ̀. Mo ní iṣẹ́ tí ó kù tí mo lè fi ọwọ́ ara mi ṣe fún obìnrin yìí kò ju ẹyọ kan lọ mọ́, n kò sì ní í bẹ ẹlòmíràn ṣe é. Ó fún mi ní ìṣó kan tí ó gùn tó ìka àárín mi, nítorí pé férémù náà wúwo, dígí rẹ̀ sì nípọn. Ó bi mí pé, “Akọ̀wé, ṣé ẹ ti kan ìṣó rí ṣá?” Mo ní àìmọye ènìyàn ni mo ti fi gègé kóòtù kàn mọ́ inú ẹ̀wọ̀n, ìṣó kan ṣoṣo ni yóò wá ṣòro? Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Ògiri pálọ̀ tí ó bá yàrá ìránṣọ rẹ̀ pààlà ni mo yàn. Ẹ̀ẹ̀kẹfà tí mo fi òòlù lù ú ni ìṣó náà wọlé, bí ó sì ti wọlé, mo gbọ́ ohùn kan ṣín-ín nínú ògiri, bí ìgbà tí ènìyàn pòṣé. Mo dúró, mo tẹ́tí. N kò gbọ́ nǹkan mọ́. Mo gbé aya mi kọ́.

O rántí pé agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ó máa ń dìde nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, tí yóò wá bá mi ní pálọ̀, tí yóò mu omi tútù, tí yóò sì sín oníbàárà kọ̀ọ̀kan jẹ títí n ó fi bẹ̀ ẹ́ pé ó tó. Ní ọjọ́ kejì tí mo gbé àwòrán kọ́, ní agogo mẹ́rin náà, mo rẹ aṣọ kékeré kan sómi, mo nu ojú dígí, mo tún férémù ṣe kí ó má fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo sì kí i pé, “O kú iṣẹ́, ìyá àwọn ọmọ.” Ọ̀rọ̀ kò tíì tán lẹ́nu mi tí mo gbọ́ “pá!” láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Fáànù orí mi ń yí, ó ń rọra yí, ó dúró. Mo yọjú lójú fèrèsé: iná wà ní ilé káfíńtà, rédíò rẹ̀ ń ké. Tèmi nìkan ni ó kú.

Mo lọ sí ìdí àpótí bíréékà. Mẹ́fà ni wọ́n wà níbẹ̀ lórí ìlà kan. Ẹ̀kẹta, èyí tí ó ń gbé iná lọ sí pálọ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti yàrá ìránṣọ, ti ré bọ́. Mo tì í sókè, iná dé. Mo padà síwájú àwòrán, mo wo ẹnu rẹ̀ tí ó là. Mo ní ó dá mi lóhùn.

Láti ọjọ́ náà, ọ̀rẹ́ mi, kò sí agogo mẹ́rin tí n kò dé iwájú ògiri yẹn. Kì í ṣe ojoojúmọ́ ni ó ń dáhùn. Ọjọ́ mìíràn n ó kí i, n ó nu ojú rẹ̀, n ó tún un tò, iná kò ní í mira. N ó sì sọ lọ́kàn mi pé ó ń bínú, tàbí pé iṣẹ́ pọ̀ fún un níbi tí ó wà. Bí ó bá di ọjọ́ kejì tí mo gbọ́ “pá!”, ara mi a yá gágá, n ó jókòó sínú ooru tí fáànù ti fi sílẹ̀, n ó máa ro gbogbo bí ọjọ́ ṣe lọ fún un. Nígbà tí mo bá ṣetán ni mo tó ń lọ ti bíréékà sókè. N kò sọ fún ẹ̀dá alààyè kankan. Ẹ̀rù kò bà mí rárá. Èyí gan-an ni ó yẹ kí ó bà mí lẹ́rù.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ ni àkọ́bí mi obìnrin wálé pẹ̀lú ẹrù. Ìwọ náà wà ńbẹ̀ ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, nígbà tí ìyá rẹ̀ tọ́ka sí àga ìránṣọ tí ó ní, “Ìwọ ni àga yìí ń dúró dè,” tí ọmọ náà sì dáhùn pé òun kò ní í tẹ ẹ̀yìn òun lórí aṣọ olówó aṣọ láéláé. Ohun tí a kò mọ̀ ni pé ní ibi tí ó ti ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì, ó ti kọ́ iṣẹ́ náà ní ìkọ̀kọ̀ fún ọdún méjì. Ó fẹ́ fi dá ìyá rẹ̀ lára yá. Ikú kò dúró dè é. Ó wá fẹ́ ṣí yàrá náà, kí ó gba iṣẹ́ ìyá rẹ̀ ṣe. Mo súre fún un títí omi fi bọ́ lójú àwa méjèèjì.

A ṣí yàrá tí a ti tì láti ọjọ́ ìsìnkú. Aṣọ ìbora wà lórí ẹ̀rọ. Òwú búlúù ṣì wà lójú abẹ́rẹ́, ó ń dúró de ọwọ́ tí ó fà á wọlé. Ọmọ mi ki pọ́ọ̀gì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ. Kò dún. Ó ki áyọ́ọ̀nù bọ̀ ọ́, kò gbóná. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ìyá rẹ̀ lò fún ọgbọ̀n ọdún ti kú pátápátá. Ó fa wáyà gígùn wá láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì ránṣọ pẹ̀lú ìyẹn ní òwúrọ̀ títí di ọ̀sán. Ní agogo mẹ́rin, “pá!” Abẹ́rẹ́ dúró sínú aṣọ oníbàárà. Ọjọ́ kejì, kò sí nǹkan. Ọjọ́ kẹta, “pá!” Ó jáde wá bá mi ní pálọ̀, ojú rẹ̀ ti yí padà.

Ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, agogo mélòó ni Màámi máa ń dìde lórí àga yẹn?”

Mo ní mẹ́rin. Aṣọ tútù ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo tẹ̀ ẹ́ sínú àpò.

Ẹni tí a ránṣẹ́ pè ni obìnrin oníná kan tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ọwọ́-Kì-í-Gbọ̀n. Jẹ́ kí n yin ẹni tí ìyìn tọ́ sí. Mo ti rí adájọ́, mo ti rí lọ́yà, ṣùgbọ́n n kò tíì rí olùwádìí tí ó tó obìnrin yìí. Ọwọ́ bàbá rẹ̀ ni ó ti kọ́ iṣẹ́. Kì í fọwọ́ kan irinṣẹ́ kí ó tó bi ará ilé léèrè bí oníṣègùn ṣe ń bi aláìsàn. Ó tú sọ́kẹ́ẹ̀tì náà, ó fi tẹ́sítà kàn án. Iná kékeré inú tẹ́sítà kò tàn. Wáyà ibẹ̀ mọ́, ìdè rẹ̀ le, kò jó, ṣùgbọ́n iná kò dé ibẹ̀. Ó ní kí a yọ gbogbo ohun tí a kì bọ ara ògiri, ó ti bíréékà sókè, ó dúró. Ó ní kí a dá wọn padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó tún dúró; iná kò ré. Ó ní, “Bàbá, kì í ṣe ẹrù ló pọ̀ fún un. Nǹkan kan ló ń fọwọ́ kàn án, tó tún ń ká ọwọ́ kúrò.”

Ọmọ mi gbọ́ gbólóhùn yìí, ó wo yàrá ìyá rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ara rẹ̀ mú.

Obìnrin náà gbé ìwé kékeré kan sílẹ̀ fún wa. Ó ní fún ọ̀sẹ̀ kan, nígbàkígbà tí iná bá ré, kí olúkúlùkù kọ agogo rẹ̀, kí ó sì kọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe kí ó tó ré. Ọmọ mi kọ tirẹ̀: mò ń lọ aṣọ, mò ń gé aṣọ, mò ń sunkún. Èmi náà kọ tèmi. Ìwọ mọ iṣẹ́ tí mo fi ọjọ́ ayé mi ṣe. Èmi ni mo ń mú kí ẹlẹ́rìí gbé ọwọ́ sókè ní kóòtù, kí ó búra pé òtítọ́ pọ́nńbélé ni òun yóò sọ. Ọ̀rẹ́ mi, mo mú gègé, mo sì kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ pé: Mo jókòó.

Kí ló dé tí mo fi purọ́? Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ ọ́, obìnrin ọlọ́gbọ́n yẹn yóò rí ìdí rẹ̀. Bí ó bá sì rí ìdí rẹ̀, aya mi yóò tún kú.

Ní ọjọ́ kẹjọ ó padà wá ní nǹkan bí agogo mẹ́ta ààbọ̀. Ó ka ìwé náà lórí ìdúró, ó tún un kà. Ó ní, “Akọ̀wé àgbà, ẹ̀rí yín bára mu jù. Mo jókòó, mo jókòó, mo jókòó, mo jókòó. Ẹ̀yin náà ẹ mọ ojú tí adájọ́ fi ń wo irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀.”

Mo ní àgbà tí kò ní iṣẹ́ kí ni yóò máa ṣe bí kò ṣe kí ó jókòó?

Ó rẹ́rìn-ín. Ó fi ìka kan orí tẹlifíṣọ̀n, ó fi hàn mí: eruku. Ó fi kan orí kọ́bọ́ọ̀dù: eruku. Ó wo àwòrán náà tí ó ń dán bí omi àárọ̀. “Ẹni tó jókòó, ta ló ń bá a nu dígí?” Kò dúró gba èsì. Ó ní, “Bàbá, iná kì í purọ́. Èèyàn ló ń purọ́ mọ́ iná, òun ló ń mú kó jó ilé.”

Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ìgbà náà ni ilẹ̀kùn yàrá ṣí tí ọmọ mi jáde pẹ̀lú àpò rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ti bo ẹ̀rọ. Ó fi kọ́kọ́rọ́ yàrá sórí tábìlì níwájú mi, ó kúnlẹ̀.

“Bàbá, ẹ má bínú. Mo ti bẹ̀ wọ́n títí. Mo bẹ̀ wọ́n lórí àga, mo bẹ̀ wọ́n nílẹ̀. Màámi ò fẹ́ mi níbẹ̀. Ohun tí mo sọ lọ́jọ́sí ni wọ́n mú dání lọ.”

Ọwọ́-Kì-í-Gbọ̀n ní, “Àbúrò mi, dìde. Mi ò tíì sọ pé apá mi ò ká a.”

“Ẹ ṣé, àǹtí mi. Kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi irinṣẹ́ tú nìyí.”

Ọ̀rẹ́ mi, mo wo ọmọ tí mo bí. Mo rí i pé nǹkan kan náà tí mo fi ń gbádùn ìrọ̀lẹ́ mi ni ó ń lé e jáde nílé. Èmi gbọ́ “pá!”, mo ní ìyá rẹ̀ wá kí mi, òun gbọ́ ọ, ó ní ìyá rẹ̀ lé òun. A jẹ́ pé láti ìgbà yìí wá, ẹnu òkú ni mo ti fi ń sọ̀rọ̀ burúkú sí ọmọ rẹ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Tèmi kò tilẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ méjì. Mo gbé ọwọ́ ọ̀tún mi sókè bí ẹlẹ́rìí. N kò mọ ìgbà tí mo gbé e.

Mo ní, “Èmi ni. Mo máa ń kí i ní agogo mẹ́rin. Mo máa ń fi aṣọ tútù nù ún, mo máa ń tún un tò. Ìgbà yẹn ni ó ń ré.” Mo yọ aṣọ náà nínú àpò, mo nà án sí wọn.

Obìnrin náà gba aṣọ lọ́wọ́ mi jẹ́ẹ́, bí ẹni gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọdé. Ó ní, “Aṣọ tútù, Bàbá? Ẹni tó ń ṣọ́ yín ò sùn.” Ó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà sí mi lọ́wọ́, ó mú mi dúró lórí pákó gbígbẹ, ó ní kí n kí ìyàwó mi gẹ́gẹ́ bí mo ṣe máa ń kí i.

Ojú tì mí. Níwájú ọmọ mi, níwájú àlejò, pẹ̀lú rọ́bà lọ́wọ́ bí oníṣẹ́ abẹ, mo di férémù mú, mo ní, “O kú iṣẹ́, ìyá àwọn ọmọ.” Mo rọra tún un tò.

“Pá!”

Fáànù ń yí, ó ń yí, ó dúró. Mo gbọ́ tí ọmọ mi mí kanlẹ̀ lẹ́yìn mi. Ìyẹn ni ìgbà ìkẹyìn tí ó dá mi lóhùn.

Ọwọ́-Kì-í-Gbọ̀n pa gbogbo iná ilé láti orísun. Ó sọ àwòrán kalẹ̀, ó fi ẹ̀mú fa ìṣó náà. Bí ó ti ń jáde, ògiri tún pòṣé. Ẹnu ìṣó náà dúdú bí ẹni tí ó jẹ èédú, irun wáyà bàbà kan ṣoṣo sì lẹ̀ mọ́ ọn. Ó ṣàlàyé fún wa pé wáyà tí ó ń lọ sí yàrá ìránṣọ gba inú ògiri kọjá ní ibi náà gan-an; ìṣó mi gé e, ìdí nìyẹn tí sọ́kẹ́ẹ̀tì fi kú. Nígbà tí mo bá sì mi férémù, ìṣó a fọwọ́ kan ojú ibi tí ó gé, bíréékà a ré kí ó má baà pa ẹnikẹ́ni. Ó fi ìka méjì wọ̀n bí aṣọ tútù mi ti súnmọ́ ìṣó náà tó. Ó kàn mú ìka méjèèjì súnmọ́ra wọn.

Ibẹ̀ ni ohun kan ti yọ sí mi lọ́kàn. Nígbà tí a ń kọ́ ilé yìí, èmi wà ní kóòtù. Aya mi ni ó ń bu omi fún àwọn òṣìṣẹ́, ó sì rí ibi tí wọ́n la wáyà gbà. Fún ọgbọ̀n ọdún, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kan nǹkankan mọ́ ògiri yẹn. “Ẹ má fọwọ́ kan ògiri mi o!” Mo rò pé ọ̀dà rẹ̀ ni ó ń ṣìkẹ́. Nígbà tí ó lẹ́nu tí ó ń sọ ọ́, n kò gbọ́. Ìgbà tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́ ni mo wá ń tẹ́tí.

Obìnrin náà la ògiri díẹ̀, ó fi wáyà tuntun dípò èyí tí ó gé, ó rẹ́ ibẹ̀ padà. Iná kékeré inú tẹ́sítà tàn nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì ìyá àwọn ọmọ, ó pupa fòò bí ojú ológbò. Ọmọ mi ṣí ìbora kúrò lórí ẹ̀rọ. Kò pààrọ̀ òwú. Òwú búlúù tí ìyá rẹ̀ fà wọlé ni ó fi ránṣọ, ó sì rán an títí ó fi tán nílẹ̀, omi ń ṣàn lójú rẹ̀, ẹ̀rín ń bẹ lẹ́nu rẹ̀. Mo jókòó ní pálọ̀, mo gbọ́ ohùn ẹ̀rọ náà, mo sì fi ojú mi pamọ́ sínú ọwọ́ tí rọ́bà ti mú kó làágùn.

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí. Kò sí ìṣó kankan lára ògiri yẹn mọ́. Orí pẹpẹ yàrá ìránṣọ ni àwòrán wà, ó kọjú sí àga. Bí agogo mẹ́rin bá lù, ọmọ mi a gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ láìjẹ́ pé mo sọ fún un, a sì wo ojú fèrèsé kí n lè ráyè. Mo ń fi aṣọ gbígbẹ nu ojú rẹ̀. Mo ń kí i. Mo ń dúró díẹ̀. Iná kì í kú. Fáànù a máa yí lọ bí ẹni pé n kò sọ nǹkan.

Bá mi kí ìyàwó rẹ tìyìtẹ̀yẹ, kí o sì bá mi fọwọ́ ra àwọn ọmọ-ọmọ lórí. Ọmọ mi ní kí n kí ọ. Ó ń rán ṣẹ́ẹ̀tì kan fún ọ, ó ní kí o fi ìwọ̀n ọrùn rẹ ránṣẹ́. Káfíńtà náà ní kí n kí ọ, ó sì ti búra pé òun kò ní í yá àwọn akọ̀wé ní ìṣó mọ́.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ fún. Ìwọ nìkan ni o wà níwájú aya mi nígbà tí ó jókòó kí o yà á, tí ẹnu rẹ̀ là yẹn. Jókòó, fi ara balẹ̀, kí o rántí ọjọ́ náà fún mi. Kí ni ó ń sọ? Bí ó bá jẹ́ pé ó kàn ń sọ fún ọ pé kí o ṣe kíá, iṣẹ́ ń dúró de òun nílé ni, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an, má ṣe fi iyọ̀ sí i. Bí o kò bá sì rántí, ọ̀rẹ́ mi, má ṣe purọ́ fún mi. Irọ́ ti pọ̀ tó nínú ilé yìí.

Èmi ni, ẹni tí o mọ̀ kí irun rẹ̀ tó funfun, tí ń retí ọwọ́ ìwé rẹ,

Akọ̀wé.